Ọ̀nà márùn-ún láti kó ìsọfúnni jọ nípa àwọn akanda ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó: èwo ló bá iṣẹ́ yín mu?

Ilé kan wà lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́ tí mo wọ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Mo kí ìyá tó ni ilé, wọ́n fún mi ní àga, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ mélòó ló wà nínú ilé? Mẹ́ta. Ǹjẹ́ aláàbọ̀ ara kankan wà láàrin yín? "Olúwa má jẹ̀ẹ́ o!" Mo kọ òdo sílẹ̀. Bí mo ṣe ń dìde ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, gbà, gbà, gbà. Ìyá náà yára gbé rédíò sókè. Èmi náà yára jáde, nítorí ojú ti àwa méjèèjì. Ọmọ kẹrin wà nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo kó padà sí ọ́fíìsì, a kò bí i rí.

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kíkà lásán ti ṣòro fún wa, áńbọ̀sìbọ́sí kíka ọmọ tí àwọn ará àdúgbò ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí a kò bá kà á, kò sí ẹnu tí a máa fi bi káńsù pé ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí ọmọ náà máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó irú ìsọfúnni yìí jọ nípa àwọn akanda, ìyẹn àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní aláàbọ̀ ara, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn nídìí díẹ̀ nínú wọn, l'Ákùúrẹ́, nílùú Oǹdó àti létí omi Ìlàjẹ. Mo kọ èyí fún ẹgbẹ́ akanda, òṣìṣẹ́ káńsù, olùkọ́, ìjọ àti akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti sọ fún pé, "Ẹ mú nọ́ńbà wá kí a tó dá yín lóhùn."

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé a máa ń tẹ fọ́ọ̀mù jáde ká tó mọ ẹni tí a fẹ́ lọ bá. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ọ́fíìsì tí ẹ fẹ́ gbé ẹ̀rí yín lọ, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe nípa rẹ̀. Ẹ wo òfin àpapọ̀ tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn akanda léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí 5 ó kéré tán nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba jẹ́ akanda. Ó tún fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, ẹ̀rí wọn kò sì jọra. Fún ti àkọ́kọ́, ènìyàn ni ẹ máa kà. Fún ti ìkejì, àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn ni ẹ máa wọ̀n. Ẹni tó bá kó iye akanda tó wà l'Ákùúrẹ́ lọ síwájú ìjọba nítorí àtẹ̀gùn ti kó ẹ̀rí ẹjọ́ mìíràn lọ sí kóòtù.

Nàìjíríà tún ti fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Akanda, ní 2010. Abala 31 rẹ̀ ní kí ìjọba máa kó ìsọfúnni jọ, kí wọ́n pa àṣírí onítọ̀hún mọ́, kí wọ́n sì lò ó láti wá àwọn ohun tó ń dínà mọ́ àwọn akanda. Abala 33 ní kí àwọn akanda àti ẹgbẹ́ wọn kópa ní kíkún nínú ṣíṣọ́ bí ìjọba ṣe ń mú ìlérí ṣẹ. Mo máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba létí abala méjèèjì yìí pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn rò pé kíkà nìkan ni iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nìwọ̀nyí. Èló ló máa ná yín, ní owó mọ́tò, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ògbufọ̀ èdè adití àti àkókò? Bí ẹlòmíràn bá tún un ṣe, ṣé ibi kan náà ló máa já sí? Ṣé ó lè fi ìgbé ayé akanda wé ti aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe akanda? Èyí ni mo kà sí jù, torí inú ìyàtọ̀ yẹn ni a ti ń rí i pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹnì kan dù ú. Ṣé ó ń sọ ohun tó dínà mọ́ ènìyàn, àbí àrùn ara rẹ̀ nìkan? Ẹ sì bi ara yín bóyá ẹni tó la ẹnu fún yín lè rí ìyọnu nítorí rẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ǹjẹ́ aláàbọ̀ ara wà nílé yìí?"

Kò sí èyí tó pọ́ọ́kú tó o. Ìlà kan péré ni lórí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ẹ ń béèrè, kì í ṣe ìgbé ayé, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ jẹ́ ni. Tí a bá ti dárúkọ aláàbọ̀ ara, ẹni tó wá sí ọkàn àwọn ènìyàn wa ni arọ tó ń rákò, afọ́jú tó ń tọrọ bárà, tàbí adití. Ìyá àgbà tí kò lè ka owó ọjà rẹ̀ mọ́ nítorí ojú tó ti ṣú kò ní sọ pé òun ni. Ọjọ́ ogbó ni, kì í ṣe àléébù.

Ìkànìyàn ọdún 2006 rí akanda 3,253,169 nínú 140,431,790 ènìyàn, nǹkan bí 2.3 nínú 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé 16 nínú 100 ènìyàn ayé ló ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà ara tó nípọn. Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì ṣírò ní ilé wa níbí. Ìkànìyàn kan náà ka ènìyàn 3,460,877 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tí a bá fi 2.3 ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 80,000 akanda ló máa jáde. Tí a bá fi 16 ṣírò rẹ̀, ó lé ní 550,000. N kò sọ pé èyí kejì ni òótọ́ Oǹdó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń pín owó ìlera ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà l'Ákùúrẹ́, kò lè fi irú àlàfo báyìí ṣe ètò kankan. Ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé ní 2023, wọ́n sún un síwájú, nítorí náà ti 2006 yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń gbé kiri.

Ẹ má lo ìbéèrè yìí bí ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn.

Ìbéèrè mẹ́fà Washington Group

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001 lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló gbé èyí kalẹ̀. Kò dárúkọ akanda rárá. Ó kàn ń béèrè bóyá ó nira fún ènìyàn láti fi ojú ríran bó tilẹ̀ lo awò, láti fetí gbọ́ ohùn bó tilẹ̀ lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn, láti rántí nǹkan tàbí fọkàn sí nǹkan, láti wẹ̀ tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀, àti láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yé kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ yé ní èdè tó máa ń sọ. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, n kò lè ṣe é rárá. Bí ìdáhùn sí ọ̀kan péré nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dé "ó nira gan-an", wọ́n á ka onítọ̀hún mọ́ akanda nínú ìṣirò.

Bí ẹ bá fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kún ìwádìí tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá lórí ọjà, omi tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú bíi méjì péré ló máa fi kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agbára rẹ̀ gan-an sì nìyẹn. Ní ojú ìwé kan náà ni ẹ ti máa rí ẹni tó nira fún láti rìn àti ẹni tí kò nira fún, ẹ sì lè wò ó bóyá àwọn méjèèjì ní omi nílé, bóyá ọmọ àwọn méjèèjì wà ní skúùlù. Ẹ lè gbé e sórí fóònù pẹ̀lú KoboToolbox, ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Létí omi Ìlàjẹ, ìyẹn gan-an ló yọ wá.

Ibi tí ó ti máa ń yí dànù mọ́ wa lọ́wọ́ ni èdè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa túmọ̀ rẹ̀, a kọ ọ́ pé, "Ṣé ó nira fún yín láti ríran?" Bàbá aláṣọ funfun kan ní ọ̀nà Ìjọ̀kà, tí ojú wọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán, dáhùn pé, "Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀mí ń ràn mí lọ́wọ́, mo ń ríran dáadáa." Òótọ́ ni bàbá sọ, àwa ni a kò mọ ìbéèrè béèrè. Láti ọjọ́ náà a máa ń sọ pé "láti fi ojú yín rí nǹkan." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ti etí. A bi ìyá kan pé ṣé ó nira fún ọmọ wọn láti gbọ́ràn, wọ́n ní, "Háà, ó máa ń gbọ́ràn, ọmọ dáadáa ni." Adití ni ọmọ náà. Ẹ sọ pé "láti fi etí gbọ́ ohùn ènìyàn." Ẹ sì sá fún ọ̀rọ̀ náà "ìṣòro". Ẹni tí ẹ bá bi ní ìṣòro máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín nípa àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ àti owó ilé. "Ìnira" ló bá a mu jù. Bí ẹ bá dé Àrógbò, èdè Ijaw ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ mú ọmọ ibẹ̀ dání, kí ẹ jókòó túmọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onílé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹni tó ń dáhùn. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ń pè ní NDHS lo ìlànà yìí káàkiri Nàìjíríà ní 2018. Nínú àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún márùn-ún, nǹkan bí 7 nínú 100 ló ní ìnira kan tàbí òmíràn, 1 péré nínú 100 ló sì dé "ó nira gan-an" tàbí "kò lè ṣe é rárá". Ẹ ṣàkíyèsí pé 1 yìí tilẹ̀ kéré sí ti ìkànìyàn 2006. Ìbéèrè dáradára lẹ́nu ọ̀nà burúkú, ohun tó ń mú jáde nìyẹn. Ẹnì kan nínú ilé ló ń dáhùn fún gbogbo ilé, ojú ọlọ́jú kò sì dà bí ojú ẹni. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti sọnù. Baálé ilé kò mọ̀ pé etí ìyàwó òun ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kò ní sọ lójú àlejò pé ìyá òun kò lè wọṣọ fúnra wọn mọ́. Bí agbára yín bá ká a, ẹ bi olúkúlùkù lẹ́nu ara rẹ̀, kí ẹ mú ògbufọ̀ dání fún àwọn adití.

Ohun kẹta ni iye ènìyàn tí ẹ máa bi. Bí ẹ bá bi 400 ènìyàn, tí 2 nínú 100 sì jẹ́ akanda, ẹni mẹ́jọ ni ẹ máa rí. Ẹ kò lè pín ẹni mẹ́jọ sí ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹ tún pín in sí ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́fà yìí kún ìwádìí ńlá tí ẹlòmíràn ti ń san owó rẹ̀, tàbí kí ẹ má pín in rárá.

Ìbéèrè mẹ́fà yìí kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà. Ẹ kò gbọdọ̀ lò ó láti pinnu ẹni tó máa gba ìrànwọ́ àti ẹni tí kò ní gbà. Ó sì ní àwọn tí kò rí. Àfín tí ojú rẹ̀ ṣì dá, ẹni tí wárápá ń gbé, ẹni tí ìdààmú ọkàn mú, gbogbo wọn lè gba ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá láìfarahàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń lé wọn nílé-ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Irú kan tó ní ìbéèrè 12 wà tó fi àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti lílo ọwọ́ kún un. Ti àfín, ẹ béèrè lọ́tọ̀.

Fún àwọn ọmọdé, ẹ má lo mẹ́fà yìí. Washington Group àti UNICEF parí ìbéèrè tiwọn ní 2016, ọ̀kan fún ọmọ ọdún 2 sí 4, ọ̀kan fún 5 sí 17, ìyá tàbí alágbàtọ́ ló sì ń dáhùn. Ó ń fi ọmọ wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìwà, àti bí ó ṣe ń bá ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí ìyá kan tó sunkún nídìí rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ti bi í rí pé kí ni ọmọ rẹ̀ lè ṣe.

Ìwé orúkọ

Òun ni káńsù àti àwọn olóṣèlú fẹ́ràn jù, èmi náà sì mọ ìdí. Ó ń mú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì wá, ó sì jọ iṣẹ́ tí ojú lè rí. Bí kẹ̀kẹ́ arọ bá dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ẹni tí wọ́n máa fún. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́rin yòókù tó lè ṣe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ojú mi rí. Ní ọ́fíìsì kan tí mo wọ̀ níbí, wọ́n ti lẹ ìwé orúkọ náà mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí àwọn ènìyàn lè wá yẹ orúkọ wọn wò fún ìrẹsì. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, lẹ́yìn náà ìlà kan tí wọ́n kọ "irú àrùn" sí. Mo ka "ẹ̀tẹ̀". Mo ka "orí dídàrú" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọbìnrin kan tí mo mọ ìdílé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra fọ́ọ̀mù mìíràn ní ọjọ́ yẹn lè kà á. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ìsọfúnni ẹlẹgẹ́ tó gba ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀. Ẹni tó lẹ ìwé yẹn kò ní èrò ibi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá fẹ́ ọmọbìnrin náà?

Ìwé orúkọ kò tún ṣeé gbára lé gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Bí ìrẹsì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, iye orúkọ á wú. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹni tó wà lábúlé kò ní san owó ọ̀kadà wá kọ orúkọ. Ọkùnrin kan nílùú Oǹdó sọ fún mi pé, "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti kọ orúkọ mi. Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹfà." Kò bínú nígbà tó sọ ọ́, ó kàn ń kà á fún mi. Àwọn tó ń fi àìsàn wọn pamọ́ kò sì ní sún mọ́ tábìlì yín láéláé.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ mọ ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ẹ má sì béèrè ju ohun tí nǹkan náà nílò lọ. Ẹ wo bí àjọ INEC ṣe ṣe é. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kọ iye oníbò tó jẹ́ akanda ní ibùdó ìdìbò, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa kó awò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá àti ìwé atọ́nà Braille, èyí tí afọ́jú ń fi ìka kà, lọ. Iye àti irú ìrànwọ́ ni wọ́n nílò, kì í ṣe ìtàn àìsàn ẹnikẹ́ni.

Ìwádìí ńlá ti Àjọ Ìlera Àgbáyé

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báǹkì Àgbáyé ló jọ ṣe é, wọ́n ń pè é ní Model Disability Survey. Kò pín ayé sí akanda àti ẹni tí kì í ṣe akanda. Gbogbo ènìyàn ló ń gbé sórí òṣùwọ̀n láti 0 dé 100, ó sì ń béèrè púpọ̀ nípa àyíká, nípa ọ̀nà, ilé, ìwà àwọn ènìyàn, ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́. Chile lò ó ní 2015, wọ́n sì rí i pé 20 nínú 100 àgbàlagbà wọn ló jẹ́ akanda. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó gùn, ó nílò onímọ̀ ìṣirò tó gbóná, ó sì nílò owó ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí fásitì tó ní alátìlẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kékeré kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rí láti ẹnu àwọn tó kàn

Ní ọ̀nà yìí, àwọn akanda fúnra wọn ló ń lọ bi akanda ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ́ kó sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ètò kan láti Yunifásítì York ní Kánádà tó ń jẹ́ DRPI ti ṣe ìlànà rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń gbé ìtàn ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin ìlú àti ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ń sọ. Wọn kì í béèrè irú àrùn tó mú ọ. Wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti lé ọ padà, ẹni tó lé ọ, ohun tí o ṣe sí i, àti ìdí tí o fi dákẹ́ bí o bá dákẹ́.

Ìtàn kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Aboyún kan tó jẹ́ adití lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí ní aago méje àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ. Ó jókòó. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n fi káàdì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tún pè é ní ọ̀sán. Nígbà tó di aago mẹ́ta, wọ́n ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún lọ, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta kò lọ mọ́. Nínú ìwé ilé ìwòsàn náà, aláìsàn tí kò wá ni. Ìbéèrè mẹ́fà lè sọ fún yín pé àwọn obìnrin adití kì í lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Ìtàn yìí ló sọ ìdí rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lọ. Adití kejì ló gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀, ní èdè ọwọ́. Èmi ìbá bi í, kò ní sọ ọ́.

Àìlera ọ̀nà yìí ni pé kò lè sọ iye. Ìtàn ogún kò lè dúró fún ìpínlẹ̀ kan, ìjọba sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lójú. Ó tún lè ti onítọ̀hún sínú wàhálà bí wọ́n bá dá a mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ yí ọjọ́ orí padà, ẹ yọ àdúgbò kúrò, ẹ kà á fún un kí ẹ tó gbé e jáde. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ti ìwádìí ńlá, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan lè gba odindi ọ̀sán.

Mo máa ń so wíwọn ilé mọ́ ọn. Ẹ mú téèpù tí àwọn télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà ń lò, kí ẹ lọ sí káńsù, báǹkì, kóòtù àti ilé-ìwé. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ akọ́lé ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé bí àtẹ̀gùn bá ga ní 1, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà gbọ́dọ̀ gùn tó 12. Àtẹ̀gùn tó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà nílò mítà 6. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n dà síwájú àwọn ilé wa kò ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ gorí rẹ̀ máa ṣubú sẹ́yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú téèpù lórí rẹ̀, ẹ kọ déètì sí i. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pẹ̀lú téèpù. Ẹ wo ilẹ̀kùn àwọn báǹkì náà, àwọn onígíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo wọlé. Kẹ̀kẹ́ kò lè wọ inú rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ akanda tí kò lówó púpọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí ẹnu àti wíwọn ilé. Tiyín ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín, abala 33 sì wà lẹ́yìn yín. Nígbà tí ẹ bá rí fásitì tàbí àjọ kan tó fẹ́ lọ ṣe ìwádìí ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ lọ bá wọn kí fọ́ọ̀mù wọn tó di títẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́fà náà kún un. Ẹ bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Owó tí ẹ máa fi wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ nìkan ni ẹ máa ná.

Káńsù àti ilé-iṣẹ́ ìjọba, ẹ mú ìbéèrè mẹ́fà fún ètò àti ìṣúná. Ẹ fi ìwé orúkọ sílẹ̀ àyàfi bí nǹkan kan bá wà tí ẹ fẹ́ pín, kí ó sì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ní páásìwọ́ọ̀dù. Fún ọ̀rọ̀ 5 nínú 100 òṣìṣẹ́, ẹ pín ìwé ìbéèrè tí kò ní orúkọ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá rò pé wọ́n máa fi dá òun dúró kò ní kọ òótọ́ síbi tí orúkọ rẹ̀ wà.

Olùkọ́ àti àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, ti àwọn ọmọdé láti ọwọ́ UNICEF ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bi ìyá nílé, kì í ṣe ní skúùlù, nítorí ọmọ tí ẹ ń wá kò sí ní skúùlù.

Ọ́fíìsì ìṣirò ìpínlẹ̀ àti àwọn onímọ̀ fásitì, ẹ̀yin lẹ lè gbé ìwádìí ńlá. Bí ẹ bá ṣe é, ẹ gba àwọn akanda síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí abéèrè, kí ẹ san owó tí ẹ ń san fún àwọn yòókù fún wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kàn fẹ́ ṣe nǹkan, ẹ mú téèpù, ẹ lọ sí káńsù tó sún mọ́ yín láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ wọn àtẹ̀gùn iwájú ibẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń lo kẹ̀kẹ́, ẹ bá a lọ, kí òun mú ẹnu téèpù, kí ẹ̀yin mú ìwé.